Iye àwọn ọmọ tó rù, àti ohun tí iye náà kò sọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti apá ọmọ. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá fẹ́ mọ̀ bóyá àìjẹunrekánú ti mú ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, á wá agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá apá òsì, á fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká láì fún un pinpin. Bí ìwọ̀n náà kò bá tó mílímítà 125, ọmọ náà ti rù jù. Bí kò bá tó 115, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Lẹ́yìn náà, á fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Bí ibi tó tẹ̀ bá jin, tí kò tètè kún padà, wíwú yẹn nìkan ti tó láti kà á mọ́ àwọn tó nílò ìtọ́jú kíá, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún dáadáa.

Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, kí wọ́n wọn gíga rẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìwúwo rẹ̀ bá gíga rẹ̀ mu. Ọmọ tí téèpù mú lè yàtọ̀ sí èyí tí ìwọ̀n mú. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé iye orílẹ̀-èdè méjì síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

UNICEF, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Báńkì Àgbáyé ṣírò pé mílíọ̀nù 45 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló rù jù lọ́dún 2022, ìyẹn ìdá 6.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Íńdíà, ìwádìí ọdún 2019 sí 2021 rí ìdá 19.3. Ní Guatemala, ìwádìí ọdún 2014 sí 2015 kò rí tó ọmọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé ebi kò wá sí ní Guatemala ni? Ẹ yẹ gíga wọn wò: ó lé ní ìdá 46 nínú àwọn ọmọ wọn tó kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ, nígbà tí ti Íńdíà jẹ́ 35.5. Irú ebi bẹ́ẹ̀ ń jẹ ọmọ díẹ̀díẹ̀ láti inú oyún, egungun ló sì ń hàn sí. Ara rírù kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti ìgbẹ́ gbuuru tàbí ti ọ̀wọ́n oúnjẹ ti tó. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìkórè àti èyí tí wọ́n ṣe kí ó tó dé lè yàtọ̀ pátápátá lórílẹ̀-èdè kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn àjọ mẹ́ta yẹn fi ń ṣírò iye ọdọọdún fún àwọn ọmọ tó kúrú ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó rù.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí. Ọmọ tó wà láàyè lọ́jọ́ náà nìkan ni téèpù lè wọ̀n. Ọmọ tó rù lóṣù tó kọjá, tí wọ́n tọ́jú tí ara rẹ̀ sì yá, ti kúrò nínú iye náà. Èyí tó rù tó sì kú náà ti kúrò níbẹ̀. Iye orílẹ̀-èdè kan lè wálẹ̀ nítorí ìtọ́jú, ti òmíràn sì lè wálẹ̀ nítorí ikú, kí iye méjèèjì sì rí bákan náà lórí ìwé.

Nígbà tí wọ́n kéde ìyàn ní gúúsù Sòmálíà ní oṣù keje ọdún 2011, kì í ṣe ara rírù nìkan ni wọ́n wò. Pé iye àwọn ọmọ tó rù ti tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún nìkan kò tó láti kéde ìyàn. Ikú náà gbọ́dọ̀ tó ènìyàn méjì nínú 10,000 lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé téèpù kiri láti ilé dé ilé fi máa ń bi ìyá ọmọ pé: "Ìyá, láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ta ló wà nínú ilé yìí tí kò sí mọ́?"