Akápò Náà Ń Wàásù: Ìjọ àti Òwò Òdodo

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ nínú ọgbà Olúwa, mo kí yín. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ní kí n sọ lórí òwò òdodo, ìyẹn kí ẹni tó ṣe ọjà gba iye tó yẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ mi rí mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ: ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé ìnáwó ìjọ wá ná, ìwàásù ṣì lè dúró.

Kò sí ìjọ tí kì í ra nǹkan. Tíì, kọfí, ṣúgà, òdòdó orí pẹpẹ, aṣọ akọrin, gbogbo rẹ̀ ló lẹ́ni tó ṣe làálàá lórí ẹ̀. Òwò òdodo kì í sì í ṣe ọrẹ àánú. Ẹ wo kọfí Arabica tí wọ́n fi omi fọ̀: láti 2023, ẹni tó bá máa rà á lábẹ́ Fairtrade, àmì òwò òdodo, kò gbọdọ̀ san ohun tó dín sí dọ́là 1.80 lórí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. 1.40 ni tẹ́lẹ̀. Bí ọjà àgbáyé bá lọ sókè ju ìyẹn lọ, iye ọjà ni yóò san. Lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, sẹ́ǹtì 20 tún ń lọ sápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀, àwọn fúnra wọn ló sì ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìròyìn ọjà mọ ohun tójú àgbẹ̀ rí ní 1989 tí àdéhùn àgbáyé tó ń gbé iye kọfí ró túká: iye kọfí já wálẹ̀.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ayé lèyí, kí ìjọ má dá sí i. Ẹ bi wọ́n, ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Edna Ruth Byler, ọmọ ìjọ Mennonite, ló gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn obìnrin Puerto Rico lọ tà ní Amẹ́ríkà ní 1946. Church of the Brethren dá SERRV, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ta ọjà, sílẹ̀ ní 1949. Frans van der Hoff, àlùfáà Kátólíìkì tó ń bá àwọn àgbẹ̀ kọfí gbé ní Oaxaca, ní Mẹ́síkò, wà lára àwọn tó gbé àmì òwò òdodo Max Havelaar jáde ní 1988. Bí ìjọ ò bá gbọdọ̀ débẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti jókòó síbẹ̀. [Ẹ̀rín.]

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí imọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Púpọ̀ nínú èyí tí àwọn ìjọ Amẹ́ríkà ń lò wá láti inú igbó Mẹ́síkò àti Guatemala, lára ọ̀pẹ kéékèèké tó ń hù lábẹ́ ìbòòji igi ńlá. Iye imọ̀ tí ẹnì kan bá gé ni wọ́n fi ń sanwó fún un, nítorí náà ó ń gé rere mọ́ burúkú, oníbàárà á sì da èyí tó lábàwọ́n nù. Igbó ń pòfo, àpò ò kún. Àwọn ìjọ kan, pẹ̀lú Lutheran World Relief, ẹgbẹ́ ìrànwọ́ àwọn ìjọ Lutheran, yí ètò náà padà: bí imọ̀ bá ṣe dára tó ni kí a fi sanwó, kí wọ́n ṣà á lábúlé, kí owó díẹ̀ sì padà síbẹ̀ lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Ṣáájú ìyẹn, à ń ju imọ̀ sókè, à ń kígbe Hòsánnà, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ta ló gé e.

Ìbéèrè mi fún akápò ni pé, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ra ọjà òdodo ni? Igi kọfí ń lo bí ọdún mẹ́ta kó tó so. Kí ni àgbẹ̀ yóò fi ìjọ tó ń rà á ní ọ̀sẹ̀ ìpolongo òwò òdodo nìkan ṣe? Àwọn alátakò wa ń pariwo pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ní àmì yìí, apá kan irè wọn ni wọ́n ń rí tà níye òdodo, ìyókù ń bá ọjà lásán lọ. Òótọ́ ni. Wọ́n wá ní torí ẹ̀, kí a má rà á mọ́! Ẹni tí oúnjẹ ò tó, ṣé abọ́ ọwọ́ ẹ̀ la máa gbà? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀: gbogbo tíì àti kọfí, kó jẹ́ ti òwò òdodo, ní gbogbo ìpàdé, títí lọ.

Ibí ni mo dé tí ìyá kan nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ń rán aṣọ akọrin. Bí mo bá dá iye lé e, wọ́n á ní iṣẹ́ Olúwa ni, kí n dín in kù. Mo bá dín in kù, wọ́n tún dá owó dúró. Èmi àti àgbẹ̀ Mẹ́síkò, ta ni ọ̀rọ̀ yín ń bá wí?"

Ariwo sọ. Ohun méjì ṣì kù nínú ìwé mi, ti wáìnì àti ti àmì ayédèrú. Wáìnì tó ní àmì wà, South Africa ń ṣe é. Àmì tí ẹ ò bá mọ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má gbà á gbọ́. Mo pa ìwé dé.

Ẹ ṣeun, ma. Òwe 20:14 ti rí oníbàárà yín: "kò dára, kò dára" ló ń wí, bó bá lọ tán, á máa yangàn. Ẹ gbọ́ òfin Fairtrade kan tí n ò tíì sọ: bí àwọn àgbẹ̀ kọfí bá béèrè, ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ ṣètò tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún wọn kí ọjà tó délẹ̀, kí wọ́n má bàa tọrùn bọ gbèsè. Ẹ̀yin ń kó owó ara yín ra aṣọ àti òwú. Ìjọ tó bá fẹ́ ṣòwò òdodo pẹ̀lú Mẹ́síkò, kó kọ́kọ́ fún yín lówó aṣọ kí abẹ́rẹ́ tó kan án.

Alága ní àkókò ti tán. Mo ní kí gbèsè ìyá jẹ́ nọ́ńbà kìíní lórí ìwé ìpàdé, kí kọfí tẹ̀lé e. Ìyá ní, "Ẹ fi ọjọ́ sí i." Mo fi ọgbọ̀n ọjọ́ sí i, ó pẹ́ tán.