Kí Ẹ Tó Tẹ Nọ́mbà Ìwé Sọ́fè Yín Sórí Google Earth

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Mo rí i pé púpọ̀ nínú yín ló mú ìwé sọ́fè dání, àwọn kan tilẹ̀ ti ṣí Google Earth sórí fóònù. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, orí rẹ̀ ni n ó sì máa padà sí títí wọn yóò fi ní kí n jókòó: nọ́mbà tí kò bá sọ datum rẹ̀ kò tíì júwe ibì kankan. Datum ni àwòṣe ayé tí a fi wọn ilẹ̀, pẹ̀lú ibi tí a ti kan ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ìwé sọ́fè ilẹ̀ kan ní Èkó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn pílà, ẹ ó rí nọ́mbà méjì. mE ló kẹ́yìn ọ̀kan, mN ló kẹ́yìn èkejì. Láàárín ìlú Èkó, mE máa ń wà ní nǹkan bíi 544000, mN ní nǹkan bíi 718500. mN ni iye mítà láti agbede-méjì ayé (equator) sí àríwá. mE ni iye mítà sí ìlà-oòrùn, wọ́n sì ti fún ìlà òòró 3° ní 500000 kí nọ́mbà má baà wọ ìsàlẹ̀ òdo. Nísàlẹ̀ ìwé, wọ́n kọ “Origin: UTM Zone 31”. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìyẹn ti tó. Kò tó rárá. UTM ń sọ bí a ṣe tẹ́ ayé pẹrẹsẹ sórí ìwé. Kò sọ ayé tí a tẹ́, kò sì sọ ibi tí a ti kan ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní Nàìjíríà, datum tí ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè dúró lé ni Minna. Pílà kan tí wọ́n ń pè ní L40, nítòsí ìlú Minna ní ìpínlẹ̀ Niger, ni ìdí rẹ̀. Àwòṣe ayé tó ń lò ni Clarke 1880, tí ìwọ̀n rẹ̀ láti àárín gbùngbùn dé agbede-méjì ayé jẹ́ mítà 6378249.145. Google Earth, fóònù yín àti àwọn sátẹ́láìtì GPS ń lo WGS84, tí tirẹ̀ jẹ́ mítà 6378137. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ mítà 112. Àárín gbùngbùn àwòṣe méjèèjì kò sì sí lójú kan: láti gbé Minna bọ́ sórí WGS84, nọ́mbà tí a sábà ń fi sún un ní ọ̀nà mẹ́ta ni -92, -93 àti +122, mítà ni gbogbo rẹ̀.

Bí ẹni kan bá wọn ọ̀nà láti Dùgbẹ̀, tí ẹnì kejì wọn tirẹ̀ láti Mọ́kọ́lá, tí àwọn méjèèjì sì wí pé “kìlómítà mẹ́ta”, kò sí òpùrọ́ nínú wọn, àmọ́ wọn kò ní pàdé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Google Earth kò mọ datum mìíràn ju WGS84 lọ. Bí ẹ bá tẹ mE àti mN ti Minna sí i, ní agbègbè Èkó, ojú àmì yóò bọ́ sí nǹkan bíi mítà 88 sí ìlà-oòrùn àti mítà 120 sí gúúsù ibi tí ilẹ̀ wà gan-an. Tí ẹ bá fa okùn tààrà, ó tó mítà 150. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 gùn ní mítà 36.6. Púlọ́ọ̀tì mẹ́rin ni ẹ fi ṣìnà yẹn! Google kò ṣẹ̀, sọ́féyọ̀ kò ṣẹ̀.

Àwọn kan wà lórí ayélujára tí wọ́n ń gba owó fún “àyẹ̀wò ilẹ̀”. Wọn ó tẹ nọ́mbà bẹ́ẹ̀ lásán, wọn ó rí i pé ó bọ́ sínú ọgbà ẹlòmíràn, wọn ó sì pariwo pé ayédèrú ni ìwé náà. Wọ́n ti ba orúkọ sọ́féyọ̀ tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ jẹ́. Èyí burú, n kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì pẹ̀lú: oníjìbìtì náà ti kọ́ orúkọ Minna. Ibi yòówù tí ilẹ̀ bá bọ́ sí, yóò ní “datum ni, ẹ má ṣèyọnu”. Ẹ má gbà fún un. Àṣìṣe Minna ní ìtọ́sọ́nà kan àti ìwọ̀n kan. Bí ojú àmì yín bá fi mítà 400 wà ní àríwá ibi tí wọ́n mú yín dé, datum kọ́ ló fà á. Ẹ béèrè ìdí mìíràn.

Ẹ má sì há mítà 150 sórí bí ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ nọ́mbà Minna di ìlà ìbú àti ìlà òòró, kí ẹ tó tẹ ìwọ̀n digíríì náà sórí Google Earth, ìṣìnà yẹn yóò di nǹkan bíi mítà 87 sí ìlà-oòrùn àti mítà 54 péré sí gúúsù. Ìdí ni pé inú àwòṣe Clarke ni a ti ṣírò mN fúnra rẹ̀. Bí a bá ti yí àwòṣe padà, gígùn ilẹ̀ láti agbede-méjì ayé dé Èkó yí padà pẹ̀lú.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Pílà kan ṣoṣo ni ìwé sọ́fè sábà máa ń fún ní nọ́mbà. Ìtọ́sọ́nà (bearing) àti gígùn ni ẹ ó fi wá ìyókù. Ká ní láti pílà àkọ́kọ́ dé èkejì jẹ́ mítà 36.58 ní 30°. Gígùn lọ́nà sine 30° jẹ́ 18.29, ẹ fi kún mE. Gígùn lọ́nà cosine 30° jẹ́ 31.68, ẹ fi kún mN. Ẹ máa yí i lọ títí ẹ ó fi padà dé pílà àkọ́kọ́. Bí kò bá padà sórí nọ́mbà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ka nǹkan kan sí òdì, pàápàá ìṣẹ́jú inú digíríì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì CSV (nọ́mbà tí kọ́mà pín), kí ẹ ṣí i nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún àwòrán ilẹ̀ tí a kì í sanwó fún. Kóòdù tí ẹ ó yàn, tó ń sọ datum àti bí a ṣe tẹ́ ayé fún QGIS, ni EPSG:26331, ìyẹn Minna UTM 31. Ẹ má yan 32631, WGS84 nìyẹn. Ìparí wọn jọra, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. QGIS lè béèrè irú ìyípadà tí ẹ fẹ́, yóò sì to oríṣiríṣi síwájú yín. Àwọn mìíràn nínú wọn, torí epo rọ̀bì Niger Delta ni wọ́n ṣe ṣe é, wọn kì í ṣe ti Ìbàdàn. Ẹ ka agbègbè tí wọ́n kọ sí i. Ti -92, -93, 122 lè fi mítà mélòó kan yẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi bá aládùúgbò jà lórí ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pamọ́ bíi KML, irú fáìlì tí Google Earth ń ṣí. QGIS yóò sọ ọ́ di WGS84 fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́ kọjá sórí àwòrán sátẹ́láìtì báyìí, àmọ́ arábìnrin kan tó dara pọ̀ mọ́ wa láti London lórí Zoom nawọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Èkó, 109 ẹgbẹ̀rún àti 276 ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí, inú òkun ló bọ́ sí. Ṣé wọ́n ti rẹ́ wa jẹ ni?”

Rárá, mà. Ìbéèrè yín yìí tóbi ju èyí tí mo ní nílẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká dúró sí i. Ìwé bàbá yín kì í ṣe UTM rárá. Kí UTM tó gbilẹ̀, Nàìjíríà pín sí ọ̀já mẹ́ta: West Belt, Mid Belt àti East Belt. Ìlà àárín West Belt ni 4°30′, wọ́n sì fún un ní 230738.26. Kíka àríwá bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìbú 4°, kì í ṣe láti agbede-méjì ayé. Nítorí náà, nọ́mbà Èkó lórí rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 109000 àti 276000, bí ẹ ṣe kà á yẹn gẹ́lẹ́. Ẹ lo EPSG:26391. Bí ìwé àtijọ́ bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà, ẹ kọ́kọ́ fi 0.3048 sọ ọ́ di mítà.

Kí ẹ sì mọ̀ pé òkun ní ohun tó ń sọ. Bí ẹ bá pààrọ̀ mE àti mN fún ara wọn, òkun níwájú Niger Delta ni ẹ ó bọ́ sí. Bí ẹ bá kọ ìlà òòró 3.4 ṣáájú ìlà ìbú 6.5, òkun ni. Bí ẹ bá rí 6°30′27″ tí ẹ tẹ 6.3027 dípò 6.5075, ẹ ó fi nǹkan bíi kìlómítà 23 lọ sí gúúsù, òkun náà ni. Bí ẹ bá sì yan zone 32 dípò 31, ààlà Kamẹrúùnù ni ẹ ó ti bá ilẹ̀ yín.

Àkókò ti lọ, n ó sáré lórí àwòrán. Ní Google Earth Pro, ẹ tẹ àmì aago kí ẹ rí àwòrán ọdún àtẹ̀yìnwá. Ẹ ka ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀, torí àwòrán tó wà lójú lè ti pẹ́. Àwòrán fúnra rẹ̀ lè fi mítà mélòó kan yẹ̀ láti ọdún kan sí òmíràn; ìkóríta ni kí ẹ fi wé ara wọn, ẹ má fi òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wé, torí sátẹ́láìtì máa ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Wayback, ojú òpó ilé iṣẹ́ Esri, náà ní àwòrán láti 2014. Àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojú òpó Copernicus Browser, mítà 10 ni ẹ̀gbẹ́ ojú kan (pixel) rẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan kò tó ojú méje nínú rẹ̀. Kò ní fi ògiri hàn yín, àmọ́ yóò fi oṣù tí wọ́n gé igbó tàbí tí wọ́n da yanrìn sí irà hàn. Àwòrán sátẹ́láìtì Landsat lórí ojú òpó EarthExplorer bẹ̀rẹ̀ láti 1972. Ojú kan rẹ̀, tó jẹ́ mítà 30 láti 1982, ju púlọ́ọ̀tì kan lọ, ẹ fi wo bí àdúgbò ṣe gbòòrò. Láti June dé September, kùrukùru ni ẹ ó máa rí. Ẹ wá ti November, kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹ má wọn ilẹ̀ lórí EPSG:3857, tí àwòrán ayélujára ń lò. Ní Èkó, ó ń fi bíi 2% kún ilẹ̀. Ní London, ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀.

Àwòrán kò sì lè sọ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Charting, ìyẹn fífi nọ́mbà ilẹ̀ wé àwòrán ilẹ̀ ti ìjọba, ló ń sọ ìyẹn, ní ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ wà. Bí ilẹ̀ yín bá wà ní Mówe tàbí Ìbafò, Abẹ́òkúta ni kí ẹ lọ, kì í ṣe Aláùsá, ohun yòówù kí àjẹ́ńtì sọ nípa bí ó ṣe sún mọ́ Èkó.