Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Àdúà Mọ́tò Gígùn àti Àkọ́rọ̀ Òjò

Àsàláámù aleekum waramọtullọ́ọ̀hi wabarakátúhù.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sókè Ọya ní àsìkò àkọ́rọ̀ òjò yìí, ó lè pàdé ojú ọjọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìkùukùu á bá a jí ní Ọ̀jọ́ọ̀, òjò á ká a mọ́ láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tó bá fi máa sọdá afárá Jẹ́bà, oòrùn á ti máa yan ọ̀dà títì.

Àdúà tá a máa ń ṣe tá a bá jókòó sínú mọ́tò wà nínú Súúrà Zukhruf, ẹsẹ 13 àti 14: "Subhaanalladhii sakhkhara lanaa haadhaa wa maa kunnaa lahu muqriniin, wa innaa ilaa Rabbinaa lamunqalibuun." A máa ń sáré kà á. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi "wa maa kunnaa lahu muqriniin": agbára tiwa ò ká a. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ọlọ́hun pé agbára òun ò ká mọ́tò, tó wá ń sá eré 130 nínú òjò, kí ló kà gan-an?

Ọkùnrin kan bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé ṣé kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, àbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun gbára lé E. Ó ní: "So ó, kí o sì gbára lé Ọlọ́hun." Tirmidhi ló gbà á wá.

Okùn ràkúnmí tiwa, táyà ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin ló kẹ́yìn ibi tí wọ́n kọ DOT sí. 1421 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 14 nínú ọdún 2021. Táyà tòkunbọ̀ tó dúdú tó ń dán, kíkùn ni wọ́n kùn ún. Ẹ má wojú rẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà. Bó bá ti lé lọ́dún mẹ́fà, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sán wẹ́wẹ́, ẹ má gbé e rin irú ọ̀nà yìí. Òwúrọ̀, kí mọ́tò tó rìn rárá, ni ká wọn afẹ́fẹ́. Iye tó yẹ wà lára sítíkà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. PSI 30 sí 35 ni ti ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Àwọn kan wà, tí oòrùn bá mú tí táyà le, wọ́n á ní kí fọkanáísà jò ó díẹ̀ kó má baà bẹ́. Àṣìṣe ńlá ni. Afẹ́fẹ́ tó gbóná gbọ́dọ̀ wú, ẹni tó ṣe táyà ti ro ìyẹn mọ́ ọn. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ká tó ń nà bó ṣe ń yí, ibẹ̀ ló ti ń gbóná títí tó fi máa fà ya.

Rọ́bà wáípà náà, ọyẹ́ ti gan án. Ẹ fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti òkè délẹ̀. Bó bá ń ha yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku òjò gan-an. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni epo tírélà àti eruku ti ń kóra jọ sójú títì. Àkọ́rọ̀ kì í ṣàn án lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó kọ́kọ́ ń pò ó pọ̀ ni, á wá yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ ó rí àwọ̀ òṣùmàrè lójú omi náà. Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ yẹn burú ju ìgbà tí òjò ti rọ̀ fún wákàtí kan lọ. Ẹ sọ àyè tó wà láàárín yín àti ẹni iwájú di ìlọ́po méjì. Bí sítíárì bá ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, táyà ti gun orí omi nìyẹn: ẹ má já bíréèkì, ẹ má yíwọ́, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń tẹná sókè títí mọ́tò á fi tún di ilẹ̀ mú. Iná iwájú ni ká tàn, kì í ṣe tiráfíkétọ̀ ọ̀tún àti tòsì pọ̀, torí ẹni ẹ̀yìn ò ní mọ̀ bóyá ẹ dúró ni àbí ẹ fẹ́ yà. "Allaahumma sayyiban naafi'an" (Ọlọ́hun, jẹ́ kó jẹ́ òjò tó ń ṣeni láǹfààní) ni Ànábì máa ń sọ tó bá rí òjò, ó sì kọ̀ fún wa láti máa bú atẹ́gùn. Bí wáípà ò bá ká òjò náà mọ́, ẹ yà sílé epo. Abẹ́ igi kọ́ o. Ìjì àkọ́rọ̀ a máa wó igi.

Ìrun ńkọ́? Lọ́dọ̀ mázíhábì Máàlíkì, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀, ìrìn tó tó nǹkan bíi kìlómítà 80 ní àlọ nìkan ni wọ́n ń gé ìrun fún. Ọ̀yọ́ ò tó o, Ìlọrin kọjá rẹ̀. Ó di ìgbà tí ilé Ìbàdàn bá tán lẹ́yìn yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gé e, ẹ sì mọ̀ pé ilé ń tò lọ títí kọjá Mọ́níyà. Àyìlá, Alásàárì àti Ìṣáì á di rákà méjì-méjì. Máńgàríbì kò yí padà. Ẹ lè pa Àyìlá pọ̀ mọ́ Alásàárì, àmọ́ kí oòrùn má wọ̀ bá yín. Ibi tẹ́ ẹ bá ti kírun, ẹ fi sinmi. Wákàtí mẹ́rin nídìí sítíárì ti tó kéèyàn na ẹsẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ó ku nǹkan kan tó ń bí wa nínú. Tí mọ́tò bá dákú lọ́nà, wọ́n á já ewé sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi òkúta dígbè táyà. Tó bá ti tún jí, wọ́n á wakọ̀ lọ, wọ́n á fi òkúta sílẹ̀ láàárín títì, bí orí ewúrẹ́ ló ṣe máa tóbi. Ànábì ní ẹ̀ka tó kéré jù nínú ìgbàgbọ́ ni mímú ohun tó lè ṣeni léṣe kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ lálẹ́ nínú òjò kò ní rí òkúta yẹn. Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, ẹ bẹ̀rẹ̀ gbé e sínú igbó.