Bí A Ṣe Lè Ka Mólékù Inú Ife Omi Kan

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Láti yàrá ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ wa ní Kàbà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ohun tí a ó sì lò kò ju síríńjì, ife, rúlà àti omi kànǹga lọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi síríńjì fa omi mílílítà 18, kí ẹ sì tú u sínú ife. Ẹ wò ó, ẹnu kan péré ni. Iye mólékù, ìyẹn ẹyọ omi tó kéré jù lọ tó ṣì jẹ́ omi, tó wà nínú rẹ̀ ni 602 tí òdo 21 tẹ̀ lé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní òdo kọ̀ọ̀kan, nítorí ọwọ́ tó ń kọ ọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ó pọ̀. Mólékù kọ̀ọ̀kan ní átọ́ọ̀mù mẹ́ta, haidirójìn méjì àti ọ́síjìn kan; ẹni tó bá ń wá iye átọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ibí yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti máa ń pàdánù máàkì.

Ẹ wá fa omi náà nígbà mẹ́wàá, kí ó di mílílítà 180. Ká ní a gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja, a dà á sí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ó ṣàn dé òkun, ó sì pò mọ́ gbogbo òkun ayé délẹ̀délẹ̀. Bí a bá fi ife yìí wọn omi gbogbo òkun, yóò tó nǹkan bí ife 74 tí òdo 20 tẹ̀ lé. Mólékù tí a dà sí odò jẹ́ 602 tí òdo 22 tẹ̀ lé. Ẹ pín in: ife kan tí ẹ bá bù ní etíkun èyíkéyìí yóò ní bí 800 nínú mólékù wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí, mo nu pátákó, mo tún un ṣe, torí mo rò pé mo ti ṣi òdo kà.

Onímọ̀ kẹ́mísírì yóò dá mi lẹ́kun níbí. Òótọ́ ni pé haidirójìn máa ń ṣí láti ara mólékù omi kan bọ́ sí òmíràn, nítorí náà, ọ́síjìn ni kí ẹ máa tọpa; iye náà kò yí padà.

Ó ku bí mólékù náà ti kéré tó. Ẹ gbé rúlà súnmọ́ ojú, kí ẹ wo àlàfo mílímítà kan ṣoṣo: bí a bá to mólékù omi sí ìlà kan, yóò gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 kí àlàfo yẹn tó kún.