Port Meadow: Pápá Tí Gbogbo Ìlú Jọ Ni

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá rí ilẹ̀ gbalasa lẹ́bàá ìlú ńlá, tí kò sí ilé lórí rẹ̀, tí kò sí oko níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa á ní ilẹ̀ náà kò lólúwa. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Port Meadow, lẹ́yìn ìlú Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ ojú irin. Bí mo ṣe ti géètì báyìí, ilé tán lójú mi. Koríko ló kù, ó tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé etí odò Thames. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó kúrú bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, àmọ́ ẹnu ẹran ló gé e. Ẹṣin kan wà tí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí mi. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi eyín já koríko, kò tilẹ̀ gbórí wò mí.

Àwọn ẹran wọ̀nyẹn gan-an ló fa ọ̀rọ̀ mi lónìí. Nínú Domesday, ìwé tí Ọba William Kìíní ní kí wọ́n fi ṣe àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní 1086, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ìlú Oxford jọ ní pápá ìjẹko kan lẹ́yìn odi, tó ń mú ṣílè 6 àti pẹ́nì 8, owó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wọlé. Títí dòní, àwọn Freemen ìlú náà, ìyẹn àwọn tó ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú láti ayé àtijọ́, àti àwọn ará Wolvercote, abúlé tó wà lẹ́bàá pápá náà, ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti da ẹran síbẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọ̀hún sì ní olùṣọ́. Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí Ṣẹ́rífù, olóyè ìlú kan, máa ń kó gbogbo ẹran jọ, wọn kì í sì í pariwo ọjọ́ náà ṣáájú. Ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ á san owó ìtanràn kó tó gba ẹran rẹ̀ padà.

Ẹ wo ohun tí èyí bí. Ìjẹko ni ilẹ̀ náà wà fún, wọn kì í túlẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, òkìtì ibojì àwọn ará Ìgbà Idẹ àti ipasẹ̀ ibùgbé àwọn ará Ìgbà Irin, àwọn tó gbé ayé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ṣì wà níbẹ̀. Bí ọ̀dá bá dá, ẹni tó wà lókè nínú ọkọ̀ òfurufú lè rí àmì wọn lára koríko. Ewéko wínníwínní kan tún wà, Apium repens, tó ṣọ̀wọ́n gidigidi ní Bìrìtéènì. Ó ń fẹ́ omi tó ń bo pápá nígbà òtútù, ó sì ń fẹ́ ẹran tí yóò jẹ koríko gíga tó lè ṣíji bò ó. Bí a bá kó ẹran kúrò, igbó ẹlẹ́gùn-ún ni yóò gba ibẹ̀. Kódà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ológun sọ apá kan di pápákọ̀ òfurufú. Ogun parí, ó padà di ti ẹran.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó wọ bàtà tí omi kì í wọ̀. Tó bá tẹ̀ lé odò síhà àríwá, á dé Godstow, níbi àwókù ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin tí Ọba Henry Kẹjọ tú ká.

Nígbà tí mo ń jáde, màlúù mẹ́ta dúró gbagidi níwájú géètì. Mo dúró dè wọ́n títí wọ́n fi kọjá, mo sì pa géètì náà dé.