Iṣẹ́ méjì, pẹ́ńṣàn kankan ò sí

WÁLÉ: Àǹtí Ṣadé, láti 2012 ni òfin ti ní kí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ní Britain níbí máa fi òṣìṣẹ́ sínú pẹ́ńṣàn láìdúró dìgbà tó bá béèrè. Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn wa kan ò ní nǹkan kan níbẹ̀?

ÀǸTÍ ṢADÉ: Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni. O gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 22, o ò sì gbọdọ̀ tíì dàgbà tó ẹni tó ń gba pẹ́ńṣàn ìjọba, owó iṣẹ́ rẹ sì gbọ́dọ̀ lé ní £10,000 lọ́dún. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò o, wọn kì í rò wọ́n pọ̀.

WÁLÉ: Yéè! Ẹni tó ń fọ ọ́fíìsì ní kùtùkùtù, tó tún ń tọ́jú arúgbó lálẹ́ ńkọ́?

ÀǸTÍ ṢADÉ: Òun gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Ká ní ọ́fíìsì ń san £8,000, ibi arúgbó ń san £9,000. £17,000 nìyẹn, owó orí á sì mú un, ṣùgbọ́n kò di dandan fún ọ̀gá kankan láti fi í sínú pẹ́ńṣàn.

WÁLÉ: Owó orí mọ̀ ọ́n rò pọ̀, pẹ́ńṣàn ò mọ̀ ọ́n!

ÀǸTÍ ṢADÉ: (ẹ̀rín) Ó ṣì lè béèrè o. Tí owó iṣẹ́ kan bá ti lé ní £6,240, kó kọ ímeèlì pé òun fẹ́ wọlé. Ọ̀gá ò lè kọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dá tiẹ̀.

WÁLÉ: Èló ni tọ̀gá?

ÀǸTÍ ṢADÉ: Ó kéré tán, ìdá 3 nínú 100, lórí owó tó lé ní £6,240 nìkan. Ọ́fíìsì á dá bí £53 lọ́dún, ibi arúgbó bí £83. Ẹni tó ń gba £17,000 níbi kan ṣoṣo, ọ̀gá tiẹ̀ á dá bí £323.

WÁLÉ: Ẹ dúró ná. £136 sí £323? Lórí owó kan náà?

ÀǸTÍ ṢADÉ: Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ £6,240 fún oníṣẹ́ méjì. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Tó bá wá jẹ́ pé NHS, ètò ìlera ìjọba, nílẹ̀ England ló gbà á síṣẹ́, ọ̀gá ibẹ̀ ń dá ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ìlédìí kan náà ni wọ́n sì jọ ń pààrọ̀ o.

WÁLÉ: Àwọn tó wọlé tán tí wọ́n tún fọwọ́ ara wọn jáde, tórí ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Ìkòròdú ńkọ́?

ÀǸTÍ ṢADÉ: Owó ọ̀gá ni wọ́n ń fi sílẹ̀ yẹn! Bí ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni òfin ní kí wọ́n tún máa dá irú wọn padà wọlé. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jókòó síbẹ̀.

WÁLÉ: Ẹ bá mi sọ fún àbúrò mi. Ó ti ra sìmẹ́ńtì.