Àgbàdo inú ìgò: àfojúsùn ẹni tó fẹ́ máa pawó lórí ìkànnì kékeré

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn oníṣòwò kan sọ ní Ìbàdàn nìyí. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí ẹ wọlé láàárọ̀, a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní pépà kékeré kan pé kó kọ ohun tó fẹ́ kí ìkànnì rẹ̀ ṣe fún un sí i. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Owó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú pépà náà. Ẹnì kan kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà lóṣù. Ẹlòmíràn kọ ẹgbẹ̀rún dọ́là. Màmá kan kọ pé kí òun ṣáà ti lè san owó iléèwé àwọn ọmọ òun. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Owó la bá wá, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dójú tì yín.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú ni fún adìẹ. Adìẹ ń rí i, ó ń fi àgógó kan ìgò kọ́kọ́kọ́, àgbàdo ò sì wọ ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iye owó tí èèyàn kọ sórí pépà rí: ó hàn kedere, kò sì sí ibi tí a lè gbà mú un. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé àfojúsùn yín kúrò lórí owó tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ gbé e ka iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ tiyín. Kí iṣẹ́ náà ní iye. Kó ní ọjọ́. Kó sì jẹ́ fún irú èèyàn kan ṣoṣo.

Mo ti ṣe òdìkejì rẹ̀ rí. Ìkànnì tí mo kọ́kọ́ kọ́, kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀: ìròyìn, fóònù, bọ́ọ̀lù, àgbo ìbà, ìgbéyàwó àwọn gbajúmọ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì pọ̀ á pòfo, èmi ń lé bíi mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ sára ògiri yàrá mi pé kí ìkànnì náà máa mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà wá lóṣooṣù. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ògiri yẹn, kò sì sí ọjọ́ kan tó sọ fún mi pé ohun báyìí ni kí n ṣe lónìí. Nígbà tí ọdún yípo, tí owó orúkọ ìkànnì àti owó ibi tí ìkànnì náà ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tún pé, mi ò san án mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí mo ti fi ọ̀pọ̀ òru ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí ọkọ̀ agbégi lójú ọ̀nà Oǹdó, kíá ló máa yé yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì wà, Edwin Locke àti Gary Latham, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí àfojúsùn. Lọ́dún 1975, Latham àti ẹnì kejì rẹ̀ kan tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn awakọ̀ agbégi ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n kàn ní kí àwọn awakọ̀ yìí sa gbogbo ipá wọn, nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tí òfin gbà láàyè ni wọ́n ń gbé. Wọ́n wá fún wọn ní iye kan pàtó: 94 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹrù náà ti gòkè dé nǹkan bí 90. Owó iṣẹ́ wọn kò lé ní kọ́bọ̀.

Ẹ wo ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Igi tó ń wọ ọkọ̀, ojú awakọ̀ ló ṣe. Bó bá kù, ó lè ní kí wọ́n fi ọ̀kan kún un. Bó bá ti pọ̀ jù, ó lè ní ó tó. Ká ní wọ́n sọ fún un pé kó jẹ́ kí èrè iléeṣẹ́ wọn ó pọ̀ sí i ni, kí ló fẹ́ ṣe? Iye igi tí ẹ̀yin náà lè kà sórí ọkọ̀ yín ni mo fẹ́ kí a jọ wá.

Ìkànnì kejì tí mo kọ́, adìẹ ẹlẹ́yin ló dá lé lórí. Mi ò fi ẹran ọ̀sìn yòókù kún un, mi ò tilẹ̀ fi adìẹ tí a ń sìn fún ẹran kún un. Ẹni tí mò ń kọ̀wé sí ni ẹni tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin tí kò tó igba ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí kò ní dókítà ẹran nítòsí. Mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kó ìbéèrè jọ. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sí ìsọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, mò ń gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń bi í. Mo ka ohun tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bi ara wọn lórí Nairaland láti ọdún pípẹ́. Mo tún ń tẹ ìdajì ọ̀rọ̀ sínú Google, mo ń wo ohun tó fẹ́ bá mi parí rẹ̀, torí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti béèrè ló ń gbé wá. Kí ló dé tí èèpo ẹyin fi rọ̀? Kí ló dé tí ìgbẹ́ adìẹ mi ní ẹ̀jẹ̀? Ọjọ́ wo ni kí n fún wọn ní àjẹsára àrùn Gumboro? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe kìkì ìyẹn, mi ò kọ àpilẹ̀kọ kankan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tún sọ pé bí iṣẹ́ bá jẹ́ tuntun sí èèyàn, tó sì díjú, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ fi ṣe àfojúsùn ni ohun tó fẹ́ kọ́. Ìbéèrè 40 ni mo fẹ́ mọ̀. Mo rí 53.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ọmọ adìẹ ọjọ́ kan ń fẹ́ ooru tó tó ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò ní ohun tí a fi ń wọn ooru. Aago méjì òru ni, iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ, àtùpà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé bí ọmọ adìẹ bá ń kó jọ gbìgìrì sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, tí wọ́n ń la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn káàkiri, tí wọ́n ń jẹun, kó lọ sùn. Àpilẹ̀kọ tó kúrú jù lọ lórí ìkànnì náà nìyẹn. Òun náà ni àwọn èèyàn ṣí jù lọ. Bí mo bá ń kọ̀wé sí gbogbo àgbẹ̀ ayé ni, mi ò ní ronú kan àtùpà.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò. Google AdSense, ètò tí Google fi ń gbé ìpolówó sórí ìkànnì èèyàn, tó sì ń sanwó fún un, bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Kì í sanwó fún èèyàn àfi tí ohun tó pa bá tó dọ́là 100. Ká ní, àpẹẹrẹ lásán ni o, bí wọ́n bá ṣí ojú-ìwé yín nígbà 1,000, dọ́là kan ni yóò wọlé. A jẹ́ pé wọ́n ní láti ṣí i nígbà 100,000 kí dọ́là 100 tó pé. Iye yẹn ń ba èèyàn lẹ́rù. Ẹ pín in wẹ́wẹ́. Bí àpilẹ̀kọ 40 bá wà lórí ìkànnì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí èèyàn 25 lójúmọ́, 1,000 nìyẹn lójúmọ́, ọjọ́ 100 ni yóò gbà. Bí ẹ bá sì ń kọ àpilẹ̀kọ méjì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 20 ni 40 máa gbà. Méjì lọ́sẹ̀. Ìyẹn ṣeé dì mú. Ní alẹ́ Sátidé, ẹ máa mọ̀ bóyá ẹ ṣe é tàbí ẹ ò ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ 20 yìí kò yà mí lẹ́nu rárá, torí ẹni tó ra ọmọ adìẹ ẹlẹ́yin mọ̀ pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni òun yóò fi bọ́ ọ kí òun tó rí ẹyin àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń lọ wá ẹyin lábẹ́ adìẹ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tó ń wò ni pé ṣé wọ́n jẹun, ṣé omi wọn mọ́, ṣé wọ́n gba àjẹsára lọ́jọ́ tó yẹ. Ìkànnì tuntun náà ń fẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa ka àpilẹ̀kọ tó ti jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Search Console, irinṣẹ́ kan tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wò bóyá ìkànnì yín ti ń fara hàn nígbà tí àwọn èèyàn bá béèrè ohun tí ẹ kọ, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì tẹ̀ ẹ́. Ìfarahàn ló ń ṣáájú àlejò, àlejò ló ń ṣáájú owó. Ẹni tó bá ń wo àpò owó AdSense ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkàn ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́.

Ìkìlọ̀ kan rèé. Ẹnì kan lè wí pé ṣebí iye ni mo sọ, kí ẹ̀rọ kúkú bá òun kọ 400 láàárín òru kan. Ní oṣù kẹta 2024, Google kéde òfin tó dojú kọ irú àkójọ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n rọ́ jáde lọ́pọ̀ yanturu láti fi fa àlejò, láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Àmọ́ ká má tilẹ̀ sọ ti òfin. Àpilẹ̀kọ kọ́ la ní ká kà. Ìbéèrè tí a dáhùn dé góńgó la ní ká kà. Bí ẹ bá kọ ọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kà á tán tó ṣì ní láti pe ẹlòmíràn lórí fóònù, ẹ má kà á mọ́ 40.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni? Ní oṣù kẹrin 2020, Amazon, ọjà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì, dín owó tó ń fún àwọn tó ń bá a polówó ọjà kù. Ẹni tó ń polówó àga àti tábìlì, tó ń gba 8 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó bá tà, bọ́ sí 3. Kò yọ àpilẹ̀kọ kankan kúrò, kò ṣọ̀lẹ. Iye ọjà tó ń tà lè má yí padà, owó rẹ̀ sì dín ju ìdajì lọ. Google náà ń tún ètò tó fi ń to ìkànnì síwájú ẹni tó ń wá nǹkan ṣe nígbà gbogbo. Èyí tí wọ́n pè ní Panda wáyé ní oṣù kejì 2011. Ní oṣù kẹsàn-án 2012, wọ́n kọjú sí àwọn ìkànnì tí kò ní nǹkan gidi nínú ju orúkọ tó bá ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń wá mu lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ọ̀pọ̀ ìkànnì kéékèèké pàdánù àlejò tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kó jọ. Láti oṣù karùn-ún 2024 ni ìdáhùn tí ẹ̀rọ kọ sì ti ń jókòó sókè pátápátá nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá béèrè nǹkan, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí àfojúsùn rẹ̀ kò ju owó lọ, ọjọ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kò mọ ohun tí òun ṣì ní. Ẹni tó mọ̀ pé òun ti dáhùn ìbéèrè 40 fún àwọn tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin ní ohun tó lè kó lọ síbòmíràn: ó lè kó wọn sínú ìwé kékeré, ó lè kó wọn sórí WhatsApp. Ìdí nìyí tí mo fi fi iye kejì kún tèmi: kí èèyàn márùn-ún lọ́sẹ̀ fi nọ́ńbà wọn sílẹ̀ kí n máa ránṣẹ́ sí wọn tààrà.

Ẹ kọ ọjọ́ àyẹ̀wò sílẹ̀ pẹ̀lú. Tèmi jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́. Bí 40 bá pé, tí Search Console kò fi yín hàn fún ìbéèrè kankan, ẹ lè fi kókó náà sílẹ̀ láìbá ara yín jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 11 lẹ kọ, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan nípa ìkànnì yẹn.

Màmá tó kọ owó iléèwé ló kọ́kọ́ nawọ́ nígbà tí a ṣí ìbéèrè sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi ò mọ̀ ju aṣọ òkè lọ. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Ta ni yóò ka ìyẹn?" Mo ní, "Mà, ta ló máa ń pè yín jù láti ìlú òkèèrè?" Wọ́n ní àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní London àti Houston ni, tí wọn kò mọ sányán yàtọ̀ sí ẹtù, tí wọ́n ń fi àwòrán àlàárì ránṣẹ́ pé irú rẹ̀ làwọn fẹ́, àmọ́ kó má pupa. Mo ní ẹni tí ẹ máa kọ̀wé sí nìyẹn, mà, ìpolówó tí àwọn ará ibẹ̀ bá rí sì sábà máa ń mówó wọlé ju èyí tí àwa níbí bá rí lọ. Ẹ kọ ohun tí wọ́n ń bi yín sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bi yín gan-an.

Màmá yí pépà wọn padà. Wọ́n kọ́kọ́ kọ: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé sányán gidi ni? Lẹ́yìn náà: ṣé a lè fi omi fọ̀ ọ́? Aṣọ mélòó ló máa tó agbádá ẹni tó sanra? Oṣù mélòó ṣáájú ìgbéyàwó ni kí n ti gbé iṣẹ́ fún ahunṣọ? Nígbà tí wọ́n fi máa wá tilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, wọ́n ti kọ 17.